Ọjọ́ Tí Ojú Tì Mí Láti Béèrè Orúkọ Ìyá Wálé

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló bi mí léèrè pé, "Màmá, ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dáa?" Ó ti gba fọ́ọ̀mù iléèwé wọn, kò tíì kọ nǹkan kan sí i. Mo ní kó jókòó. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà ní ọsibítù kan níbí, lápá ibi tí Yábàá ti ń lọ bá Sùúrùlérè, "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" ò lè gba gbogbo ohun tí ojú mi rí. Ohun tí mo sọ fún un ni mo ń kọ síbí, nítorí ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí, àti nítorí ẹ̀yin tí ẹ máa sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wa lọ́jọ́ kan. Èmi alára ti sùn níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ṣì ń yà mí lẹ́nu títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fò ó. Wọ́n gbà mí, wọ́n ń sanwó, ìgbà mìíràn wà tí wọn ò san, a ò kú.

Muṣin ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé kan tí kò jìnnà sí Ojúwòyè. Káfíńtà ni bàbá mi, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun kankan jáfara. Rísíkátù ni wọ́n sọ mí, Rísì ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Yàrá tó tẹ̀ lé tiwa ni Ìyá Wálé ń gbé, wọ́n jẹ́ télọ̀. Àwọn ló rán yúnífọ́ọ̀mù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mi, àwọn ló ń rán aṣọ Iléyá mi. Ọjọ́ tí mo gba lẹ́tà iléèwé nọ́ọ̀sì, àwọn fúnra wọn ló lọ sí Tẹ̀júoṣó lọ ra aṣọ funfun tí wọ́n fi rán èyí tí mo kọ́kọ́ wọ̀. Ohun kan wà tí ìyá yìí máa ń ṣe tó máa ń sú mi. Bí wọ́n tiẹ̀ ránṣọ fún mi lóṣù tó kọjá, tí mo bá tún dé, wọ́n á gbé téépù, wọ́n á tún wọ̀n mí láti èjìká dé orúnkún. Màá ní, "Ìyá Wálé, ẹ mà ti mọ ara mi." Wọ́n á kàn ní kí n dúró dáadáa.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ téépù yẹn sọ́kàn, mò ń bọ̀ wá bá a.

Ìwé ni wọ́n kọ́ wa níléèwé. Inú wọ́ọ̀dù ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́wọ́ Mátírọ́nù kan tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní Tún-Béèrè. Obìnrin Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọn ò ga, bàtà wọn kì í dún, ẹ kàn máa rí wọn lẹ́yìn yín ni. Síríńjì onígíláàsì là ń lò nígbà yẹn. A ó sè é nínú omi tó ń hó lórí sítóòfù, a ó fi irin mú un jáde, a ó dúró kó tutù. Mo fọ́ méjì lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Mátírọ́nù kàn ní kí n lọ mú òmíràn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo gbàgbé láti bi aláìsàn kan ní ìbéèrè mẹ́ta wọn, wọ́n lé mi jáde ní wọ́ọ̀dù lójú gbogbo èèyàn. Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti lo ìyókù ọjọ́ náà, tí mò ń sunkún sínú ọṣẹ.

Ìbéèrè mẹ́ta náà rèé. Kí lorúkọ yín, èyí tí bàbá yín sọ yín àti èyí tí ayé ń pè yín? Oògùn wo ló ti bá yín jà rí? Kí lẹ jẹ, kí lẹ mu kẹ́yìn, àti àgbo pẹ̀lú? Bí èèyàn bá ti wọlé la ó bi í. Kí a tó gún un lábẹ́rẹ́, a ó tún bi í. Kí wọ́n tó gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, a ó tún bi í. Ẹnu ara rẹ̀ ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ ti wá, àfi tí kò bá lè sọ̀rọ̀.

Àlájì kan wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, tó ti wa tírélà ní Ìjọ́rà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí mo bi í lẹ́ẹ̀kẹrin lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó bínú. "Ọmọ yìí, o bi mí láàárọ̀, o bi mí lọ́sàn-án. Ṣé o fẹ́ fẹ́ mi ni?" Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Mátírọ́nù ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ máa bínú, Bàbá. Ẹni tó bá ń bínú ṣì wà láyé."

Èmi rò pé àṣejù ni, títí dọjọ́ tí obìnrin kan wá láti Ìwáyà, ìyàwó apẹja, tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. A ti sọ fún un látàná pé kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan kan ẹnu. Ó dáhùn pé òun ti gbọ́. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà ní òun ti gbọ́. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, mo tún bi í, nítorí pé Mátírọ́nù ń wò mí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ògì díẹ̀ kọ́ ni mo mu láàárọ̀ yìí? Màmá mi ló fún mi nílé ìyàgbẹ́." Mo ké pè wọ́n pé kí wọ́n dá a padà. Ìyá náà ti fi ìborùn wé fúláàsì ògì, ó ní ọmọ òun ò ní fi ebi kojú ọ̀bẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n bá fi oògùn kun èèyàn lóorun, ohun tó wà níkùn lè gòkè kó ya wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹni náà má jí mọ́. Ìfẹ́ ni ìyá yẹn ṣe, díẹ̀ ló sì kù kó fi ìfẹ́ pa ọmọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé abéèrè kì í ṣìnà. Mo ti rí olùkọ́ kan láti Yábàá, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tó ń kọ́ ọmọ olọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì, tó tọ́jú àgbo sínú ìgò ohun mímu mọ́tì sábẹ́ ìrọ̀rí, tó ń mu ún lé oògùn wa lórí. Ẹnu yà mí, mo ní, "Tíṣà, ẹ̀yin náà?" Ó ní òun rò pé mọ́tì la máa rò pé ó jẹ́. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì tó bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ojú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ fún un pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ sọ ọ́.

Iṣẹ́ ń lọ. Síríńjì onígíláàsì lọ, oníke tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dé. Èmi náà di sístà, mo lọ́kọ, mo bímọ. Nígbà tó fi máa di ọdún kejìlá mi lẹ́nu iṣẹ́, wọn ò ní kí n béèrè mọ́, èmi ni mò ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n béèrè. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣubú.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Wálé mú ìyá rẹ̀ dé. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì ló ti wọ̀ wọ́n látàǹpàkò lọ́sẹ̀ kan sẹ́yìn, wọ́n fi omi gbígbóná jó o, wọ́n ń ránṣọ lọ. Ọwọ́ náà ti wú dé ìgbọ̀nwọ́. Dókítà ní kí wọ́n dá wọn dúró, kí wọ́n fún wọn lábẹ́rẹ́, kí wọ́n sì la ọwọ́ náà lọ́sàn-án. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n fi ọwọ́ tó dáa gbá mi léjìká, wọ́n ní, "Rísì mi, bí mo ti rí ẹ yìí, ẹ̀rù ò bà mí mọ́." Wọ́n mú wọn lọ dùbúlẹ̀, èmi sì jókòó ti fọ́ọ̀mù.

Orúkọ ló wà lókè fọ́ọ̀mù náà. Mo gbé bírò, ọwọ́ mi dúró. Láti kékeré mi, mi ò mọ orúkọ ìyá yìí. Ìyá Wálé ni wọ́n, kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní nǹkan mìíràn. Kí n wá dìde, kí n lọ dúró lórí obìnrin tó ti wẹ̀ mí rí, kí n ní "kí lorúkọ yín"? Ojú tì mí. Ó dà bí ìgbà tí mo fẹ́ sọ ara mi di ẹgbẹ́ wọn. Mo yíjú sí Wálé.

"Wálé, kí lorúkọ Màmá?"

"Ṣárà Bánkọ́lé."

"Oògùn tó ti bá wọn jà rí ńkọ́?"

"Kò sí o, Àǹtí Rísì."

Mo kọ ọ́. Mo ránṣẹ́ sí yàrá káàdì, wọ́n ní kò sí Ṣárà Bánkọ́lé kankan níbẹ̀, wọ́n ṣí káàdì tuntun. Mátírọ́nù ń kọjá, wọ́n wo fọ́ọ̀mù náà. "O bi wọ́n?" Mo ní, "Ìyá mi ni, Mà. Mo mọ̀ wọ́n." Wọ́n fẹ́ fèsì, ẹnì kan pè wọ́n láti ọ́fíìsì, wọ́n lọ.

Èmi ni mo fa oògùn náà. Pẹnisílínì ni. Mi ò jẹ́ kí ẹlòmíràn gún wọn, mo ní ọwọ́ mi ló máa rọ̀ jù fún wọn. Bí mo ṣe ń tì í wọ inú iṣan, a ń sọ̀rọ̀ aṣọ ìgbéyàwó mi, bí mo ṣe ń sunkún nítorí pé apá rẹ̀ fún. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ni wọ́n ń rín lọ tí wọ́n fi di ọ̀fun mú.

"Rísì, ọ̀nà ọ̀fun mi ń há."

Ètè wọn ń wú lójú mi. Ara wọn yọ pálapàla pupa, èémí wọn ń súfèé, ojú wọn ń wò mí pé kí n gba àwọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí wọ́n máa ṣe bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú síríńjì lọ́wọ́, ọwọ́ mi kò gbéra. Mátírọ́nù ló tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ti gbé abẹ́rẹ́ tó ń gbani lọ́wọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dání, wọ́n gún un sí wọn nítan, wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọn sókè, wọ́n ń pariwo kí wọ́n gbé ọ́síjìn wá. Dókítà sáré dé. Mo gbọ́ tí ẹnì kan sọ pé òun ò gbúròó ọkàn wọn dáadáa mọ́. Lẹ́nu ọ̀nà, Wálé ń pe "Màámi, Màámi," ohùn rẹ̀ dà bíi ti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún méje.

Kí a máà fa ọ̀rọ̀ gùn, ẹ̀mí wọn padà. Ó pẹ́ kó tó padà, ṣùgbọ́n ó padà.

Mátírọ́nù nu ọwọ́, wọ́n lọ bá Wálé. "Kí ìyá ẹ tó wọlé ọkọ, kí ni wọ́n ń pè é?" Wálé ò mọ̀. Ohun tó mọ̀ ò ju pé Àlàó ni bàbá ìyá òun ń jẹ́. Mátírọ́nù fúnra wọn lọ sí yàrá káàdì, wọ́n sì mú káàdì kan bọ̀, tí ó ti pọ́n, tí eku ti jẹ létí. Sàláwátù Àlàó. Orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n nìyẹn, kí wọ́n tó lọ́kọ ọmọ Mẹ́tọ́díìsì, kí wọ́n tó ṣèrìbọmi. Eéwo ló gbé wọn wá sí ọsibítù wa nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Wọ́n ti fi bírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà sójú káàdì náà pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fún obìnrin yìí ní pẹnisílínì láéláé. Pẹpẹ àwọn Àlàó àti pẹpẹ àwọn Bánkọ́lé fara kanra nínú yàrá yẹn.

Mo wo bírò pupa náà, mo wo Mátírọ́nù. Ọwọ́ ìkọ̀wé wọn ni.

"Èmi ni mo kọ ọ́," wọ́n ní. "Nọ́ọ̀sì kékeré ni mí nígbà yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ó wọlé láàárọ̀ yìí, mo kí i, n ò dá a mọ̀. Rísì, ìdí tí a fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ìdí tí a fi ń béèrè nìyẹn. Mímọ̀ ò tó."

Wọ́n fún mi ní ìwé ìbáwí, wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Èyí ò dùn mí. Ohun tó kù ló ń pá mi láyà: Ìyá Wálé ò tíì mọ̀ pé èmi ni. Wọ́n rò pé àìsàn ọwọ́ náà ló fẹ́ pa wọ́n, gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá ni wọ́n ń gbàdúrà fún mi pé mo gba ẹ̀mí wọn là. Mo gba àdúrà yẹn fún ọjọ́ méjì. Àmín tí mò ń ṣe ń kan bí ewúro lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ kẹta, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sọ gbogbo ẹ̀. Wálé dìde. "Ìwọ Rísì? Ìwọ lo fẹ́ pa ìyá mi?" Kò pè mí ní àǹtí mọ́. Ìyá rẹ̀ ní kó jókòó. Wọ́n yíjú sí mi.

"Aṣọ mélòó ni mo ti rán fún ẹ?"

Mo ní mi ò lè kà á.

"Mo mọ ara rẹ ju ìyá tó bí ẹ lọ. Ṣé ọjọ́ kan wà tí mo gé aṣọ rẹ láìwọ̀n ẹ́?"

Mo ní kò sí.

"Aṣọ lásán nìyẹn o. Bó bá fún, a ó tú u. Èmi wá gbé ara mi fún ẹ, o ò wọ̀n mí."

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Èmi náà jẹ̀bi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ oògùn yẹn ti wà nínú ìwé yín, mo sì pa ẹnu mọ́. Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti pè mí lórúkọ yẹn gbẹ̀yìn. Ó yá, bi mí." Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ tí mo fi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, kí lorúkọ yín?" Wọ́n sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, wọ́n fi téépù wọn àtijọ́ rán Wálé sí mi. Àpò yúnífọ́ọ̀mù mi ló wà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ó sì ti pẹ́ nígbà náà tí àwọn fúnra wọn ti lọ sinmi, ọjọ́ ogbó ló mú wọn lọ.

Ayé ti yí padà lẹ́yìn wọn. Kọ̀ǹpútà rọ́pò yàrá káàdì, wọ́n ń so ike tí orúkọ wà lára rẹ̀ mọ́ aláìsàn lọ́wọ́. Ó dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá sọ fún kọ̀ǹpútà ló mọ̀. Ẹ kọ gbogbo orúkọ tí ẹ ti jẹ́ rí sínú bébà kan, àti oògùn tó ti bá yín jà, àti èyí tí ẹ ń lò, kí ẹ mú un dání lọ. Ẹ má sọ pé "ẹ ti mọ̀". Bí wọ́n bá bi yín nígbà mẹ́wàá, ẹ dáhùn nígbà mẹ́wàá. Bí wọn ò bá sì bi yín, ẹ̀rù ni kó bà yín.

Ẹ ò rí i, lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Òkúta ló wà nínú àpò òróòro mi, wọ́n fẹ́ yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Láàárọ̀, fáànù tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì mi bàjẹ́, wọ́n gbé mi lọ sí bẹ́ẹ̀dì keje, wọ́n gbé obìnrin tó wà níbẹ̀ lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn. Kò pẹ́ ni ọmọbìnrin kan wọlé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ nínú àwo. Bùsọ́lá lorúkọ rẹ̀, èmi ni mo kọ́ ìyá rẹ̀ níṣẹ́. Ó kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

"Màmá wa, ẹ káàárọ̀ Mà. Ẹ jẹ́ kí n fún yín lábẹ́rẹ́ yín."

Mo dúró kó bi mí. Ó ti ń fi òwú nù mí lápá.

"Ọmọ mi, o ò bi mí lórúkọ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Há, Màmá, ṣé èmi ni màá máa bi yín lórúkọ? Ta ni ò mọ̀ yín níbí?"

Ohùn ara mi ni mo gbọ́, láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Mo na ọwọ́ sí i, mo ní kó ka ike ọwọ́ mi, kó sì ka ìwé tó wà nínú àwo rẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà. Bẹ́ẹ̀dì keje ló wà nínú ìwé náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ obìnrin tí wọ́n gbé lọ ló wà níbẹ̀. Ó fẹ́ gbé àwo náà sá jáde.

Mi ò bá a wí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Wọ̀n mí kí o tó gé aṣọ." Kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, ṣùgbọ́n ó gbé àwo náà sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà," ó ní, "kí lorúkọ yín?"

Mo sọ ọ́ fún un, èyí tí bàbá mi sọ mí àti èyí tí mo jẹ́ nílé ọkọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wá ní kó tún béèrè.